Ẹja tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ nínú agbọ̀n yín kì í ṣe kúrókà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oúnjẹ ni mo ń sè tà ní Ìkòròdú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra ẹja agbọ̀n kan ní etí ọ̀sà. Kúrókà ni ẹni tó tà á fún mi pè é. Mẹ́ta nínú wọn ṣì wà láàyè. Bí mo ṣe gbé ọ̀kan báyìí, ló bá ń ké "hùn-ùn, hùn-ùn" bí ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sá jáde, ó ní òun ò lè fọwọ́ kan ẹja tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kúrókà kọ́ rárá. Àwọn kan ní tótòtó dúdú lẹ́yìn, àwọn kan ò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹja wo nìyí, ṣé oríṣi kan náà ni gbogbo wọn, kí ló sì fi ń ké? Ṣé mo lè máa tà á fún oníbàárà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín dáadáa, nítorí ojú wọn mọ ẹja. Kúrókà kọ́ lóòótọ́, ẹja tí ìwé ń pè ní Pomadasys ni. Ẹja náà dára, ó dùn, ẹ sì lè máa tà á láìfòyà. Igbe tó ń ké kì í ṣe àmì ibi, kì í sì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kọjá ti jíjẹ, inú mi sì dùn sí i gan-an. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ẹja ọ̀sà àti ti òkun wò, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń dúró bi mí bóyá oríṣi kan ṣoṣo ló kún inú agbọ̀n tí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya òun àti kúrókà sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dé etí omi, ẹ mú ọ̀kan nínú èyí, ẹ mú kúrókà gidi kan, kí ẹ tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ yí ikùn wọn síta, kí ẹ wo lẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ihò ìdí. Ẹ ka ẹ̀gún tó wà níwájú lẹbẹ yẹn. Ti kúrókà kì í ju méjì lọ. Ti ẹja yín á pé mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ kúrú, èkejì nípọn, ó sì le bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gún kejì yìí ló máa ń gún àwọn tó ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n. Àpá tirẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi títí dòní. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ara ẹja láti ẹ̀yìn etí lọ. Lára kúrókà, ìlà náà á wọ inú ìrù, á sì dé ṣóńṣó rẹ̀. Lára èyí, ìdí ìrù ló ti máa dúró.

Àmì kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ojú nìkan ò tó láti fi mọ̀ ọ́n, ó gba ìka. Ẹ fi èékánná yín họ etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kan ìdérí tó bo etí, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Á máa dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ èékánná, bí ìgbà tí ènìyàn fa ìka lórí ayùn kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1802, onímọ̀ ẹ̀dá kan ní ilẹ̀ Faransé, Lacepède, sọ ọ́ ní Pomadasys. Èdè Gíríìkì ni: "poma" ni ìdérí, "dasys" ni ohun tí irun bò, tí kò dán. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tún lo Pristipoma, ìyẹn ìdérí oníayùn. Èyí bá ohun tí ìka yín máa gbọ́ mu ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ṣáájú ni òfin wọn ń gbà, Pomadasys ló sì borí. Òun ni n óò máa lò níbí, nítorí orúkọ tí àwọn apẹja wa ń pè é máa ń yí padà láti èbúté kan sí èkejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ igbe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé ẹnu ló gbà jáde, bíi ti ènìyàn. Ẹja ò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan tó ti kú sórí pátákó, ẹ fi ọ̀bẹ là á láti abẹ́ àgbọ̀n, ẹ ṣí etí rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá wo ibi tí ẹnu ti parí tí ọ̀nà ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí egungun kéékèèké kan lókè àti nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí eyín wẹ́wẹ́ kún ojú wọn. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, ó rí gbágungbàgun bí ojú ọlọ tuntun. Eyín ọ̀fun nìyẹn. Iṣẹ́ wọn gangan ni kí wọ́n máa lọ edé, akàn kéékèèké àti àwọn nǹkan oníkarawun tí ẹja yìí ń wá jẹ nínú yanrìn àti ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ gbé e kúrò nínú omi, ẹ̀rù bà á, ló bá ń fi eyín òkè họ eyín ìsàlẹ̀, bí ọmọ ọlọ lórí ọlọ. Ìró yẹn ìbá kéré gan-an tó bá dá wà. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀, èyí tó fi ń dúró láàárín omi láìrì, ló ń gbé e jáde, bí igbá ṣe máa ń gbé ohùn okùn gòjé jáde. Ìdí nìyẹn tí ó fi dà bíi pé láti inú ikùn ló ti ń kùn.

Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù fi ẹ̀rọ X-ray wo ìbátan rẹ̀ kan láti òkun Kàríbíánì, Haemulon flavolineatum, nígbà tó ń ké àti nígbà tó ń jẹun. Egungun ọ̀fun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì, bó sì ṣe ń mì wọ́n nígbà tó ń jẹun jọ bó ṣe ń mì wọ́n nígbà tó ń ké. Ẹ sọ fún ọmọ tó sá jáde yẹn pé ẹja náà ò bá a sọ nǹkan kan, eyín ló ń pa keke.

Kúrókà náà ń ké, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n máa pe Pomadasys ní kúrókà. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Iṣan ló ń gbọ̀n lára àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń lu ìlù. Ẹ fojú inú wò ó: ẹja méjì ń gbé inú omi kan náà, ọ̀kan ń lu ìlù, èkejì ń ta gòjé, àwa tí a wà lókè ń pe àwọn méjèèjì ní kúrókà.

Ẹ wá gbọ́ nípa tótòtó. Orúkọ ìwé ẹja jọ ti agbolé wa. Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti agbolé, orúkọ kejì ni ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìran ńlá tí ẹja yìí wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Haemulidae, irú tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 130 káàkiri àgbáyé. Agbolé Pomadasys jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbolé rẹ̀, ó sì ní nǹkan bí 30 ọmọ. Mẹ́rin nínú wọn ni àwọn apẹja wa máa ń bá pàdé láti Sẹ̀nẹ̀gà wá dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó ní tótòtó nínú agbọ̀n yín, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé Pomadasys jubelini ni. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tótòtó dúdú kéékèèké kún ẹ̀yìn rẹ̀, àbàwọ́n dúdú kan sì wà lórí ìdérí etí rẹ̀. Etíkun Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ni ilé rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kó dàgbà, ó lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ ẹ mọ̀ pé èyí tó ń dé ọjà Ìkòròdú kì í sábà ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Òun ló mọ ọ̀nà ọ̀sà jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ti àwọn tí kò ní tótòtó gba sùúrù díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ Pomadasys incisus, tí ara rẹ̀ mọ́ láìsí tótòtó, tí àbàwọ́n dúdú sì wà lókè ìdérí etí rẹ̀. Òkun ló fẹ́ràn jù, ó sì rìn jìnnà: láti Àǹgólà lọ dé erékùṣù Madeira àti òkun Mẹditaréníà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wo ojú ẹja náà. Tí ojú bá tóbi débi pé ó fẹ̀ ju imú rẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ẹnu rẹ̀ sì ń ya gbàù bí ẹ ṣe ń fà á, ẹ ti kúrò nínú agbolé Pomadasys nìyẹn. Brachydeuterus auritus lẹ rí. Ìbátan ni, ìran ńlá kan náà ló ti wá, ó sì dá nìkan wà nínú agbolé tirẹ̀. "Auritus" túmọ̀ sí elétí, nítorí àmì dúdú tó wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò dàgbà tó àwọn tó kù, 30 sẹ̀ǹtímítà ni òpin rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun máa ń kó o lọ́pọ̀ yanturu ní gbogbo etíkun wa, òun ló sì máa ń kún inú páálí ẹja kéékèèké tí wọ́n ń tà ní olówó pọ́ọ́kú.

Méjì tó kù ní orúkọ tó rọrùn láti rántí. Àwọn òyìnbó pe Pomadasys rogerii ní onímú ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì pe Pomadasys perotaei, tí ìwé mìíràn kọ ní peroteti, ní odídẹrẹ́. Ẹ wo imú ti àkọ́kọ́ àti ojú ti èkejì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí i pé wọn ò purọ́.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Jubelini ń tọ́ka sí Jubelin, gómìnà tí ilẹ̀ Faransé fi ṣe olórí ní Sẹ̀nẹ̀gà. Rogerii ń tọ́ka sí Roger, gómìnà tó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀. Perotaei ń tọ́ka sí Perrottet, onímọ̀ ewéko kan. Àwọn ni wọ́n fi ẹja náà ránṣẹ́ sí Paris, Cuvier, onímọ̀ ẹranko kan níbẹ̀, sì fi orúkọ wọn sọ ọ́ ní 1830. Àwọn apẹja Sẹ̀nẹ̀gà tó kó ẹja náà jáde lómi, tí wọ́n ti ń pè é ní orúkọ kan tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ kankan tó gbé e lọ, kò sí lẹ́tà kan tiwọn nínú orúkọ ìwé. Ti incisus ló yàtọ̀, nítorí ara ẹja náà fúnra rẹ̀ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ẹni tó kọ ọ́ ni Bowdich, Gẹ̀ẹ́sì tó ti lọ sí Kumasi ní 1817 láti bá Ọba Àṣáńtì dá májẹ̀mú. Lẹ́yìn náà ló gba Madeira kọjá, ó ń yẹ ẹja ibẹ̀ wò, ó sì kú ní Gáńbíà ní 1824. Sarah ìyàwó rẹ̀ ló kó ìwé náà jọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1825. Mo máa ń rántí obìnrin yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọ incisus sínú ìwé mi.

Àkọ́bí agbolé náà gan-an kò sí lọ́dọ̀ wa. Pomadasys argenteus ni, láti Òkun Pupa. Forsskål, onímọ̀ ẹ̀dá kan, ló rí i ní Jẹ́dà nígbà ìrìn àjò àwọn ará Dẹ́ńmáàkì sí ilẹ̀ Lárúbáwá, àìsàn ibà sì pa á ní Yẹ́mẹ̀nì ní 1763. Niebuhr, ẹnì kan ṣoṣo tó padà sílé láàyè nínú wọn, ló tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1775. Nínú ìwé yẹn kan náà ni Pomadasys stridens wà, "èyí tó ń han." Ẹ rí i pé igbe tó lé ọmọ iṣẹ́ yín jáde ni Forsskål náà gbọ́. Stridens ti gba ọ̀nà omi Suez wọ Mẹditaréníà báyìí, ó sì ti ń bímọ níbẹ̀.

Nínú gbogbo ọmọ agbolé yìí, Pomadasys commersonnii ti Gúúsù Áfíríkà ló yà mí lẹ́nu jù. Ó máa ń wọ ẹnu odò tí omi bá ti kún, á dorí kodò sórí yanrìn, á sì fẹ́ omi láti ẹnu sínú ihò tí edé ẹrẹ̀ sá sí, títí edé á fi jáde. Níbi tí omi kò bá jìn, ìrù rẹ̀ á máa jù fìrìfìrì lókè omi bó ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ a máa rọra rìn nínú omi tó dé orúnkún, ìrù yẹn ni wọ́n ń wá.

Àwọn ìwé àtijọ́ á sọ fún yín pé Pomadasys wà ní Amẹ́ríkà náà. Ẹ má gbà á mọ́. Lọ́dún 2012, onímọ̀ ẹja kan, Tavera, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ìran wọn wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ti ọ̀hún kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú àwọn tiwa, ìrísí ló kàn jọra. Wọ́n ti kó wọn lọ sí agbolé mìíràn, Rhencus àti Rhonciscus. Ìbátan tó gbajúmọ̀ ní òkè òkun ni Haemulon, tí inú ẹnu rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Kúbà lè bi wọ́n léèrè ronco. Ohun tó ń han-an-run ni ọ̀rọ̀ yẹn, igbe kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sà yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ká mi lára wà. Jubelini ń gbé òkun, àmọ́ inú ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, níbi tí oúnjẹ pọ̀ sí tí ẹja ńlá ò fi bẹ́ẹ̀ lè lé wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, á sì gòkè lọ jìnnà, àwọn ọmọ ẹja náà á sì bá a wọlé. Tí òjò bá dé, tí odò Ògùn bá tú omi dídùn sínú ọ̀sà, iyọ̀ á dín kù, ọ̀pọ̀ wọn á sì tún fà sẹ́yìn sí apá òkun. Ọ̀sà Èkó, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 208 kìlómítà níbùú lóròó, ni yàrá ìtọ́mọ wọn. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ yanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru, ibẹ̀ náà ni edé àti akàn tí wọ́n ń jẹ wà. Mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn, mo bu omi tó ń dà padà sínú korobá, mo sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹrẹ̀ lásán ló kù sójú asẹ́, pẹ̀lú karawun tó ti rún. Nǹkan kan tó ń mira ò sí níbẹ̀.

Òfin wà fún apá òkun. Láti 1992, ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n ńlá kò gbọdọ̀ sún mọ́ etíkun Nàìjíríà ju máìlì òkun 5 lọ, ojú àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó ẹja kò sì gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 76 lọ. Èmi fúnra mi ti dúró sí etíkun, mo ka iná ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ níbi tí mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì wọn. Ìyá wa, ọwọ́ yín ò lè tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín tó agbọ̀n. Tí wọ́n bá gbé jubelini tí kò tó ìka ọwọ́ kan wá fún yín, ẹ fi sílẹ̀. Egungun ló pọ̀ jù lára rẹ̀, epo tí ẹ óò fi dín in sì ju ẹran tí ẹ óò rí níbẹ̀ lọ. Olùtajà tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ ò rà á, á wá èyí tó dàgbà wá fún yín.

Nínú ilé ìdáná, scissors ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ gé ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ẹ̀gún kejì abẹ́ yẹn kúrò kí ọmọ iṣẹ́ yín tó fọwọ́ kàn án. Ìpẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ju ti kúrókà lọ, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́ láti ìrù lọ sí orí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹran rẹ̀ funfun, ó dì, kì í sì í fọ́ sínú ọbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ ata ju dídín lọ, pàápàá orí rẹ̀. Ní ti owó, kò yẹ kí ẹ san owó kúrókà fún un nígbà tí kì í ṣe kúrókà, ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ fún oníbàárà yín. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á padà wá bèèrè "ẹja tó ń ké" fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá sì bá ọ̀kan pàdé tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí imú rẹ̀ yọ síwájú bíi ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi ata sí i, kí ẹ sì bá mi bi apẹja tó mú un léèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí rogerii gbẹ̀yìn ní etí ọ̀sà.